Ìyá Téèpù àti Ògiri Pupa

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ obìnrin kan fún yín. Ẹ jókòó dáadáa o, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò kì í mọ ibi tí wọ́n ń gbà dúró. Ọkọ mi máa ń sọ pé tí wọ́n bá bi mí pé aago mélòó ló lù, màá kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹni tó ra aago. Kò parọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin yìí tó sọ.

Ìyá Téèpù la máa ń pè wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Téèpù o. Téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn èèyàn, aláwọ̀ ìyeyè yẹn, ọrùn wọn ló máa ń wà nígbà gbogbo. Wọ́n á gbé e kọ́rùn lọ sọ́jà, wọ́n á gbé e kọ́rùn lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ọjọ́ kan wà tí àwọn gbé e lọ síbi ìsìnkú, àwọn ò sì mọ̀, àfìgbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn tẹrí ba fún àdúrà, tí téèpù yọ́ bọ́ sórí bàtà opó.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá èèyàn tún inú ilé ṣe. Wọn kì í kọ́lé, wọn kì í kan ilẹ̀kùn. Àwọn ni wọ́n máa wọ yàrá tẹ́ ẹ ti ń gbé láti ọdún mẹ́wàá, wọ́n á wò yí ká, wọ́n á wá sọ fún yín pé yàrá yín ò kéré, àga yín ló ń ṣe agídí. Wọ́n mọ àwọ̀ tó yẹ ògiri, wọ́n mọ ibi tó yẹ kí iná wà, wọ́n sì mọ aṣọ tó yẹ ojú fèrèsé. Káfíńtà àti akunlé á wá máa tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá sọ.

Ìyá ọkọ mi ló so wá pọ̀. Màmá ni èmi ń pè wọ́n. Ẹ má fi wọ́n wé àwọn ìyá ọkọ tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ìròyìn wọn o. Ọ̀rẹ́ ni wá. Tí wọ́n bá bú mi láàárọ̀, tó bá fi máa dọ̀sán a ti jọ ń fi bàbá ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, ojú Màmá ti ń ṣú. Kò fọ́ pátápátá. Wọ́n ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan ń fi igi tútù dáná níwájú àwọn, tí èéfín ẹ̀ kọ̀ tí ò lọ. Dókítà ní tí wọ́n bá ń kán oògùn sí i déédéé, èyí tó kù ò ní lọ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń dá gbé tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn, tí orúnkún wọn wú bí ìkòkò, ọkọ mi ní ó tó, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Màmá gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan sí i nídìí.

"Oṣù kan ni màá kọ́kọ́ lò," wọ́n ní. "Tí oṣù kan bá pé, tí mo bá ṣì ń pe èèyàn kó tó mú mi lọ tọ̀, ilé mi ni mò ń padà sí. Ọmọ mẹ́rin ni mo wẹ̀ fún láyé yìí. Mi ò fẹ́ kí ìkankan nínú wọn wẹ̀ fún mi."

"Màmá, kí ló wá burú ńbẹ̀?" Ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Tó o bá dàgbà, ó máa yé ẹ."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Wọ́n gbé báàgì wọn wá, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò tú u. Láràárọ̀, wọ́n á mú aṣọ kan jáde nínú ẹ̀, tí èyí tí wọ́n bọ́ bá gbẹ, wọ́n á ká a padà síbẹ̀. Mo ní, "Màmá, kọ́bọ́ọ̀dù wà níbí o, ẹ jẹ́ kí n kó aṣọ yín sí i." Wọ́n ní, "Àlejò kì í kó aṣọ sí kọ́bọ́ọ̀dù." Bẹ́ẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn tóbi tó ilé ẹyẹlé mẹ́wàá. Kóòtù ọkọ mi nìkan ló wà ńbẹ̀, ìyẹn kóòtù ọjọ́ ìgbéyàwó wa tí kò wọ̀ ọ́ mọ́ tó sì kọ̀ tí ò gbé jùnù.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mò ń fọṣọ lọ́wọ́, mo kàn gbọ́ ohùn Màmá láti yàrá: "Ta ló gbé kóòtù kọ́ sínú bálùwẹ̀ o?"

Mo sáré débẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo bá wọn, wọ́n ti tú ìró dání, ọwọ́ kejì wà lára kóòtù. Ṣé ẹ rí i, ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ àti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, igi kan náà, àwọ̀ kan náà. Kí n má purọ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Màmá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di kóòtù mú kí wọ́n má bàa ṣubú. Àfi bí ẹ̀rín yẹn ṣe dá lójijì.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu tèmi náà.

Onídìrí mi ló júwe Ìyá Téèpù fún mi. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó wò mí títí. "Ẹni tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́? Màmá ń wá bálùwẹ̀, ìwọ ń wá òdòdó."

Mo bínú o, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí. Àwòrán yàrá olóyinmọmọ tó wà lórí fóònù mi nígbà yẹn lé ní igba. Mo ti rò ó pé níbi tá a bá ti ń tún yàrá Màmá ṣe, iná onílẹ̀kẹ̀ gíláàsì kan á yọ́ rọ̀ sókè pálọ̀ tèmi náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀ mà," mo dáhùn.

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń kí. Ilé ni mò ń kí. Ìwọ ńkọ́? Ṣé dáadáa lo wà?"

Mo ní àrà mérìíyìírí ti dé. Mo fi àwòrán mi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ̀lú sùúrù, láti orí èkíní dé ìgbà tí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun èmi tí mò ń yọjú wò ó, wọ́n wá dá fóònù padà fún mi.

"Ó dáa gan-an ni. Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n mà."

"Èmi náà ò mọ̀ wọ́n. Jẹ́ ká fi ilé wọn sílẹ̀ fún wọn."

Wọ́n yọ ìwé kékeré kan àti bírò, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Irú ìbéèrè tí mi ò gbọ́ rí. Wọ́n bi mí pé, "Níbo lo máa ń jókòó sí tí inú bá ń bí ẹ?"

Mo ní etí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Irọ́ ni, mà," ọkọ mi ké láti kíṣìnnì. "Orí àga mi ló máa ń jókòó sí, kí n má bàa ríbi jókòó!"

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bi ọkọ mi pé kí ni ọwọ́ ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kàn tó bá jí. Ó ní èmi. Wọ́n ní lẹ́yìn ìyàwó rẹ ńkọ́. Ó ní ẹnu èmi náà ni. Mo ju aṣọ ìnuwọ́ lù ú. Wọ́n bi ọmọ mi pé níbo ló máa ń sá pamọ́ sí, ọmọ ní òun ò lè sọ, torí tóun bá sọ, kì í ṣe ibi ìsápamọ́ mọ́. Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Wọ́n wá lọ bá Màmá nínú yàrá. Wọ́n kí wọn dáadáa, wọ́n béèrè orúnkún, wọ́n béèrè ẹ̀yìn, wọ́n fi téèpù wọn ẹsẹ̀ Màmá kan sí ìkejì nígbà tí Màmá ń rìn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Téèpù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, wọ́n pa ojú dé, wọ́n dìde, wọ́n ń táràrà lọ sí bálùwẹ̀. Gbàà! Wọ́n forí gbá kọ́bọ́ọ̀dù.

"Màmá," wọ́n ní, tí wọ́n ṣì dijú, "mo ti bá yín dénú kọ́bọ́ọ̀dù o."

"Kí kóòtù fún mi," ni Màmá dáhùn. Láti ìgbà yẹn ni Màmá ti fẹ́ràn wọn.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ògiri ni mo ń bi wọ́n léèrè ìgbésí ayé wọn, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Iṣẹ́ ìránṣọ ni wọ́n kọ́. Wọ́n kọ́ ọ yanjú, ṣùgbọ́n aṣọ èèyàn ò bá wọn lára mu. "Èèyàn máa ń sanra," wọ́n ní. "Tí wọ́n bá ti sanra, wọ́n á ní aránṣọ ló ba aṣọ àwọn jẹ́. Fèrèsé kì í sanra." Bí wọ́n ṣe gbájú mọ́ aṣọ fèrèsé nìyẹn. Aṣọ fèrèsé ló wá ń gbé wọn wọlé onílé.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ gbé aṣọ fèrèsé kọ́ sílé ìyá tíṣà kan tí ọkọ ẹ̀ ti kú. Gbogbo àga pálọ̀ ìyá náà ló kọjú sí àga bàbá tí kò sí mọ́. Èèyàn ò lè jókòó kó má máa wo àga òfìfo. Ìyá ọ̀hún wọlé lọ bomi, kó tó dé, Ìyá Téèpù ti ti àga kan kọjú sí fèrèsé. Ìyá náà pariwo mọ́ wọn gan-an. Ó ní ta ló rán wọn níṣẹ́, kí wọ́n dá a padà kíákíá. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dá a padà, wọ́n sunkún lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá tíṣà ránṣẹ́ pè wọ́n: "Máa bọ̀. Wá bá mi gbé àga yẹn síbi tó o gbé e sí lọ́jọ́sí."

"Ìgbà yẹn ló yé mi pé iṣẹ́ nìyẹn," wọ́n ní. "Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní iṣẹ́ wo ló ń jẹ́ títi àga? Òun náà rèé, òun ló ń bá mi gbé àkàbà báyìí."

Wọ́n tún lọ jókòó sí kíláàsì fún oṣù mẹ́fà, láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n lè bí, kí wọ́n lè mọ̀ nípa àwọ̀ àti iná. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ní kò sí ìbéèrè tí àwọn kì í bi onílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá là kalẹ̀ fún yàrá Màmá nìyí. A máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ sí ògiri ìdojúkọ. A máa kan igi ìdìmú mọ́ ògiri láti bẹ́ẹ̀dì dé bálùwẹ̀, kí Màmá máa fọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ nídìí, kí wọ́n tó kùn ún láwọ̀ igi dúdú. Ògiri ńkọ́? Nǹkan tó rọ̀, tó mọ́lẹ̀.

Wọ́n da káàdì àwọ̀ sílẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọmọ mi lọ nà lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ọmọ yẹn pupa. Ó pupa débi pé Pupa náà là ń pè é, orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ ti ń wábi sá gbà. Ìyá Téèpù gbé apá ẹ̀ sókè láti yọ káàdì kan lábẹ́ ẹ̀, ni wọ́n bá dúró. Wọ́n fi káàdì lé e lápá. Ẹ ò lè mọ ibi tí apá ti parí tí káàdì ti bẹ̀rẹ̀.

"Òun nìyí! Bí yanrìn nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá bà á. Àwọ̀ Pupa."

Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì náà: Àwọ̀ Pupa. Bí èmi àti àwọn ṣe ń pè é láti ọjọ́ yẹn lọ nìyẹn. "Àwọ̀ Pupa á dé orókè fèrèsé." "Àwọ̀ Pupa ò ní bá iná yẹn jà." Dídùn ni inú mi ń dùn, pé ọmọ mi ti di àwọ̀.

Ó wá di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ti ní òun á gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ tó bá pé oṣù kan, bóyá Màmá ń lọ o, bóyá wọn ò lọ. Ìyá Téèpù wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ́jọ́ yẹn, torí igi ìdìmú àkọ́kọ́ sanra jù fún àtẹ́lẹwọ́ Màmá, wọ́n sì ní àwọn ò ní kúrò ńbẹ̀ àfi tó bá rí bó ṣe yẹ. Akunlé, ìyẹn Bàbá Ọlọ́dà, ló wà nídìí iṣẹ́. Àgbà ọkùnrin ni, iṣẹ́ wọn mọ́ rekete, àmọ́ tí wọ́n bá ti ń kùn, orin ni. Ohùn wọn ò dùn.

Mò ń wẹ̀ fún Pupa, ọṣẹ ti kó sí i lójú, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, ni fóònù bá dún.

"Ìyàwó wa," Bàbá Ọlọ́dà ní, "mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Omi dà sórí ìwé tí Ìyá Téèpù kọ fún mi. Àwọ̀ wo ni ògiri ọ̀nà bálùwẹ̀?"

"Àwọ̀ Pupa ni, Bàbá!"

"Pupa kẹ̀?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Pupa! Ṣebí ẹ̀yin náà mọ Pupa."

"Mo mọ pupa. Ta ni ò mọ pupa? Pupa gan-an lo ní?"

"Pupa gan-an!"

"Ó dáa o," wọ́n ní. "Ẹ̀yin lẹ nilé."

Ẹ ò rí i bí? Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí èmi ń wí kọ́ ni wọ́n gbọ́. Wọ́n dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, wọ́n ń kọrin. Màmá wà ní pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Lọ́sàn-án, mo gbé omi tútù lọ fún Bàbá Ọlọ́dà. Mo ṣílẹ̀kùn. Ife bọ́ lọ́wọ́ mi.

Pupa yòò! Pupa bí ata tó pọ́n já. Ògiri ọ̀nà bálùwẹ̀ látòkè délẹ̀, pupa tó ń pariwo síni lójú. Ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ nìkan ló dá wà láàárín ẹ̀, funfun báláú, torí ọ̀dà ìdí nìkan ló tíì jẹ.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Ohun tó o ní kí n ṣe."

"Pupa ni mo ní!"

Wọ́n wo ògiri, wọ́n wò mí. "Kí lo wá pe èyí? Aró?"

"Pupa ọmọ mi ni mò ń wí!"

"Háà! Ìwọ obìnrin yìí, o bí ọmọ tó dà bí yanrìn, o sọ ọ́ ní Pupa, èmi ló wá jẹ̀bi?"

Pupa yọrí lẹ́yìn mi, aṣọ ìnura lọ́rùn. "Ta ló ń pè mí?"

Mo ní ká hó o kúrò, mo ní ká fọ̀ ọ́ dànù, mo ní kí ilẹ̀ lanu. Bàbá Ọlọ́dà ju búrọ́ọ̀ṣì sínú garawa. "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Tí a bá fẹ́ bo èyí, ó gbọ́dọ̀ gbẹ tán, ká sì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ mẹ́fà, ó yá tán nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún Màmá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rí lójú inú mi ni báàgì yẹn, bí Àǹtí á ṣe gbé e sẹ́yìn mọ́tò, bí Màmá á ṣe padà sí òkè àtẹ̀gùn yẹn, tó sì jẹ́ pé ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ló lé wọn lọ.

Mo pe Ìyá Téèpù. Wọ́n gbé igi ìdìmú léjìká dé, ọkọ wọn tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn yọ téèpù kúrò lọ́rùn, wọ́n ká a, wọ́n fi sápò. Mi ò rí ọrùn wọn rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n.

"Mà, ẹ̀bi mi ni..."

"Ṣẹ́ẹ́," wọ́n ní. Ẹsẹ̀ Màmá ló ń bọ̀.

Màmá ń fọwọ́ tọ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọ iléèwé tó fọ́ gíláàsì. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n má wọlé, ọ̀dà ò tíì gbẹ. Màmá dúró. Wọ́n gbé orí sókè.

"Kí ló pupa lọ́ọ̀ọ́kán yìí?"

Bàbá Ọlọ́dà gbé garawa ọ̀dà pamọ́ sẹ́yìn.

"Mo ní kí ló pupa bẹ́ẹ̀? Ṣé aṣọ lẹ sá síbẹ̀ ni?" Wọ́n fún ojú pọ̀. "Nǹkan funfun kan sì wà láàárín ẹ̀. Ó ga. Ó ga bí ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn ni, Màmá," ni Ìyá Téèpù sọ.

Màmá ju ọwọ́ ògiri sílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n ju ọwọ́ ògiri sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èmi ń ka ẹsẹ̀ wọn nínú: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ní ìkeje, wọ́n gbé ọwọ́ lé ògiri létí ilẹ̀kùn, ọ̀dà pupa bá wọn níka mẹ́ta, wọn ò bìkítà. Wọ́n ṣí i, wọ́n wọlé, wọ́n tì í.

A dúró ṣanṣan.

Ohùn Màmá jáde láti inú bálùwẹ̀. "Kí lẹ dúró ń ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ ni?"

Bàbá Ọlọ́dà ló kọ́kọ́ sá jáde.

Ìyá Téèpù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n yọ ìwé ìbéèrè wọn, wọn ò kọ nǹkan kan. "Mo bi ẹ́ léèrè ibi tó o ti ń bínú," wọ́n ní fún mi. "Mo bi ọmọ ọdún mẹ́ta léèrè ibi tó ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó ni yàrá, orúnkún ni mo bi í. Mi ò bi í pé àwọ̀ wo ló ṣì ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo pa ojú tèmi dé, mo rò pé ojú Màmá nìyẹn. Ilẹ̀kùn dúdú tí mo fẹ́ kùn yẹn, èéfín ni ì bá jẹ́."

Nígbà tí Màmá jáde, wọ́n jọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Ìyá Téèpù ń fi káàdì hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìwé funfun.

"Èyí ńkọ́?"

"Èéfín."

"Èyí?"

"Èéfín tó wẹ̀."

"Èyí ńkọ́?"

"Háà. Èyí ń pè mí."

Pupa bí ata ń pè wọ́n, ìyeyè tó pọ́n bí ọsàn náà ń pè wọ́n, ó tán. Wọ́n ṣe é títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Mo ní kí wọ́n sinmi, kí ojú má bàa rẹ Màmá, Màmá ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní, "Tí èèyàn bá ń sunkún, á ṣì máa ríran. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yìí láti ọdún méjì."

Ọjọ́ mẹ́ta tó kù yẹn, ẹsẹ̀ wa ò kanlẹ̀. Ògiri pupa dúró, ilẹ̀kùn funfun dúró, igi ìdìmú náà di pupa. Ìyeyè ni wọ́n fi kun ìdí síwíìṣì iná. Ògiri mẹ́ta tó kù gba àwọ̀ Pupa, Pupa tèmi. Bàbá Ọlọ́dà fẹ́ kun àmì ìka Màmá mẹ́ta bò létí ilẹ̀kùn, Ìyá Téèpù gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn.

Àǹtí dé lọ́jọ́ tí oṣù pé, bàtà wọn ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ tí wọ́n ti rí yàrá. "Yéè! Ta ló kun ògiri bí ẹnu ọ̀fọ́n tó jẹ ata?"

"Ògiri mi ni," ni Màmá dá wọn lóhùn. "Ọ̀dà ẹ̀ ò fẹ́ ìsọkúsọ. Máa bọ̀ kí n fi ilé hàn ẹ́." Wọ́n mú Àǹtí lọ́wọ́, ẹni tí ojú ẹ̀ dá ṣáká, wọ́n mú un yí ká: bẹ́ẹ̀dì rèé, iná rèé, bálùwẹ̀ rèé. Wọ́n wá yíjú síbi tí wọ́n mọ̀ pé mo wà, torí kò sígbà tí mi ò kì í sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ibo lẹ tún gbé e gbà?"

"Ó wà lẹ́yìn yín, Màmá."

"Gbé kóòtù ọkọ rẹ kúrò ńbẹ̀. Mo fẹ́ kó aṣọ mi sí i."

Mo gbé e kúrò. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sọ̀rọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kóòtù ìgbéyàwó lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa wò.

Ìyá Téèpù ṣì máa ń yà kí Màmá. Téèpù ti padà sọ́rùn. Wọ́n fi ìwé wọn hàn mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ti kọ ìbéèrè tuntun sókè gbogbo àwọn tó kù, wọ́n sì fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀. Iná onílẹ̀kẹ̀ gíláàsì pálọ̀ mi? Kò dé o. Wọ́n bi mí pé ta ló máa máa nù ún, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Báàgì Màmá ni Pupa ń sá pamọ́ sí báyìí, gbogbo wa la sì mọ̀, a kàn ń ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ni.

Wàhálà kan ṣoṣo ló kù. Tí mo bá dúró ní kíṣìnnì, tí mo ké pe ọmọ mi, "Pupa! Pupa o!", ohùn Màmá ló máa ń kọ́kọ́ jáde láti yàrá.

"Èwo nínú wọn?"